Kọ̀ǹpútà géèmù tówó rẹ̀ mọ níwọ̀n: Sítíkà i7 kọ́ ni kí òbí máa wò

Nígbà tí ọlidé ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá ń bọ̀, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ tàbí bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń tọrọ mọ́, kọ̀ǹpútà tí wọ́n lè fi gbá géèmù ni. Bàbá tàbí ìyá àgbà tó wà lábúlé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta kòkó tàbí tí èsúsú kàn, a fi owó ránṣẹ́ sí ẹbí l'Ékòó pé kó bá òun ra kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní Ọ̀tígbà, n'Íkẹjà, níbi tí wọ́n ń pè ní Computer Village. Kọ̀ǹpútà á dé, á tàn, á kọ lẹ́tà, á sì fi fíìmù hàn geerege. Ọjọ́ tí ọmọ bá gbé géèmù bọ́ọ̀lù sí i ni wọn yóò rí i pé ńṣe ni àwọn agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ń rìn bí ẹni tó wọ ẹrẹ̀. Owó sì ti lọ.

Sítíkà kékeré tó wà níwájú kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń kó irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ sí wàhálà. Òǹtajà á tọ́ka sí i pé, "Ẹ wò ó, sà, i7 ni," orí oníbàárà á sì wú. Bẹ́ẹ̀ ọdún 2008 ni ilé-iṣẹ́ Intel ti ń ṣe i7 bọ̀. Ọdún 2011 ni i7-2600 jáde, ọdún 2018 sì ni i5-8500 jáde. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé àmì kékeré àárín yẹn ló ń sọ ìran tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́: ìran kejì ni ti àkọ́kọ́, ìran kẹjọ ni èkejì. Tí nọ́ńbà náà bá jẹ́ márùn-ún, bíi 10400, méjì àkọ́kọ́ ni kí èèyàn kà, ìran kẹwàá nìyẹn. i5 ìran kẹjọ yìí yára ju i7 ìran kejì lọ fíìfíì, sítíkà ò sì ní sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀, lápapọ̀, kò fọwọ́ sí processor Intel tí kò bá tó ìran kẹjọ. Kí ẹni tó bá rí àlòkù ìran kẹfà ní owó pọ́ọ́kú rántí èyí.

Síbẹ̀, fún géèmù, processor nìkan kò tó. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti rò àti láti ṣírò. Ohun tó ń ya àwòrán tí ojú ń rí, nígbà 30 tàbí 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ni káàdì tí àwọn ará ọjà ń pè ní graphics card. Ọ́fíìsì l'ókè òkun ni wọ́n ti lo ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, iṣẹ́ ọ́fíìsì kò sì nílò káàdì yìí. Fún EA Sports FC 24, géèmù bọ́ọ̀lù tó jáde ní ọdún 2023, ohun tó kéré jù tí àwọn tó ṣe é ní kí kọ̀ǹpútà ní ni processor i5-6600K, RAM 8GB, àyè 100GB, àti káàdì GTX 1050 Ti tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀. i5-8500 yóò kọjá ti processor wẹ́rẹ́. Àìsí káàdì ni yóò jẹ́ kó fìdí rẹmi. Nítorí náà, kí òbí kọ́kọ́ béèrè orúkọ géèmù tí ọmọ fẹ́, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó tó béèrè iye kọ̀ǹpútà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ tún ti ń ṣìnà ni ìwọ̀n àpótí. Dell OptiPlex, HP EliteDesk àti Lenovo ThinkCentre wọ́pọ̀ lára àlòkù, wọ́n sì lálòpẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ kan náà, processor kan náà, lè wà nínú àpótí oríṣi mẹ́ta. Èyí tó tóbi jù, tí wọ́n ń pè ní tower, ló láyè fún káàdì. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, SFF, kò gbà ju káàdì kúkúrú tí wọ́n ń pè ní low profile lọ. Èyí tó kéré bíi Bíbélì ńlá kì í sábà ní àyè káàdì rárá, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló máa ń wu àgbà jù, torí kò gba tábìlì, ó sì rọrùn láti gbé wọ mọ́tò.

Power pack inú tower ọ́fíìsì pàápàá kì í lágbára púpọ̀. Ìdí nìyí tí GTX 1050 Ti tàbí GTX 1650 fi bá a mu: wátì 75 ni wọ́n ń jẹ, ojú ihò tí wọ́n kì wọ́n bọ̀ ni wọ́n sì ti ń rí i gbà. Àfi kí olùrà ṣọ́ra, torí àwọn kan nínú wọn wà tó ń béèrè okùn iná lọ́tọ̀. Ayédèrú náà wà. Àwọn oníjìbìtì máa ń yí orúkọ inú káàdì àtijọ́ padà kó lè máa pe ara rẹ̀ ní 1050 Ti. GPU-Z, ètò ọ̀fẹ́ kan, máa ń tú àṣírí wọn. FAKE ló máa ń kọ sí iwájú orúkọ káàdì bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká káàdì lè wá kọ̀ǹpútà tó ní Ryzen 5 5600G ti ilé-iṣẹ́ AMD, tó jáde ní ọdún 2021. Òun fúnra rẹ̀ ń ya àwòrán dáadáa, ṣùgbọ́n inú RAM ló ti ń yá àyè tó fi ń yà á. RAM 8GB méjì sàn fún un ju 16GB ẹyọ kan lọ.

Kí ẹni tó ń bá òbí rà á má sanwó lórí ìbúra òǹtajà. Kí wọ́n gbá géèmù lórí rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níbẹ̀, torí kọ̀ǹpútà tí ooru ń dà láàmú kì í fi hàn ní ìṣẹ́jú márùn-ún. CrystalDiskInfo, ètò ọ̀fẹ́ mìíràn, yóò sọ iye wákàtí tí hard disk ti ṣiṣẹ́. Èyí tó bá ka 40,000 ti ṣe ju ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ lọ láìsinmi.

Àwọn àgbà kan á ní géèmù ló ń sọ ọmọ dọ̀lẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2015 ni ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá, kọ̀ǹpútà géèmù yìí kan náà ni ọmọ lè fi múra rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti iná, jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé e, àmọ́ iná rẹ̀ máa ń lọ sókè sódò, kí UPS wà láàárín wọn. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó epo ti di ara owó kọ̀ǹpútà, kí òbí ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn. Kí wọ́n wa géèmù 100GB náà sínú rẹ̀ l'Ékòó, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, kó tó wọ mọ́tò. Kí wọ́n yọ káàdì, kí wọ́n wé e lọ́tọ̀, kí wọ́n tẹ́ tower sílẹ̀ gbalaja, kó má sì sí ẹrù kankan lórí rẹ̀ títí yóò fi délé.