Èébu àti Olú Amúgirà Nínú Ọkọ̀ Ìgbòkun

Èébu, tí ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu, ń hù pẹ̀lú ní kọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìgbòkun àtijọ́ tí afẹ́fẹ́ kì í dé. Iyọ̀ òkun tó gbẹ mọ́ igi a máa fa ọ̀rinrin. Nítorí náà, omi tí kò níyọ̀ ni a kọ́kọ́ fi ń fọ ibẹ̀, kí a tó fi búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ gígùn àti ọtí kíkan fọ̀ ọ́. Bí afẹ́fẹ́ kò bá ráyè wọlé, yóò tún hù.

Èébu kì í jẹ igi run. Olú mìíràn ní ń mú igi rà, nígbà tí omi inú rẹ̀ bá ti ju nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 lọ. Olùtumọ̀ tó bá pe méjèèjì ní èébu yóò mú kí ọlọ́kọ̀ máa nu igi tó yẹ kí ó gé kúrò. Ó yẹ kí èyí kejì máa jẹ́ olú amúgirà.