Keks, Kéèkì àti Àkàrà: Bí Ọ̀rọ̀ Àyálò Ṣe Ń Di Ti Onílé

Ní Barking àti Dagenham, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ́ọ̀nù, àwọn ọmọ Yorùbá, àwọn ará Romania àti àwọn ará Lithuania jọ ń gbé àdúgbò kan náà. Ọmọ Yorùbá tó bá ní òun fẹ́ jẹ kéèkì lè gbọ́ ọ lẹ́nu òbí rẹ̀ pé èyí kì í ṣe Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ ni aládùúgbò rẹ̀ ará Lithuania ń pe tirẹ̀ ní keksas, ará Romania ń pè é ní chec, èdè abínibí wọn ni wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ń sọ.

Cake ti Gẹ̀ẹ́sì ni orísun gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n níbo ni s inú keksas ti wá? Ní ọdún 1891, Hermann Bahlsen, tó ní iléeṣẹ́ bisikíìtì ní Hannover, ní ilẹ̀ Jámánì, gbé bisikíìtì kan jáde tó pè ní Leibniz Cakes. Àmì ọ̀pọ̀ ni s yẹn nínú Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé bisikíìtì inú páálí kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn ará Jámánì kò mọ èyí. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà bí ìlànà èdè tiwọn ṣe là á sílẹ̀, ó sì dún bíi “kakẹsi”. Ní 1911, Bahlsen yí àkọtọ́ náà padà sí Keks. Duden, ìwé tí wọ́n fi ń mọ àkọtọ́ Jámánì, gbà á wọlé ní 1915. Láti ìgbà náà, ẹyọ bisikíìtì kan ṣoṣo ni Keks. Bó bá di méjì, ó di Kekse. Àmì ọ̀pọ̀ gun orí àmì ọ̀pọ̀, bí ẹni wé gèlè lé gèlè. Ará Lithuania náà fi -as tirẹ̀ lé e.

Ti Sweden ló yani lẹ́nu jù. Inú èdè Norse àtijọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí cake, láti ara kaka. Kaka ṣì wà ní Sweden títí dòní, fún kéèkì àti irú rẹ̀. Kex tó ti ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà dé wá di orúkọ bisikíìtì. Ọmọ onílé ló ti àjò dé, tí ará ilé fún un ní yàrá àlejò.

Yorùbá kò gba s yẹn rárá. Sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, nítorí náà a fi ì kún un, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ sì bá a dé: kéèkì. Iye kì í yí ọ̀rọ̀-orúkọ wa padà: kéèkì kan, kéèkì méjì, àwọn kéèkì. Òbí tó fẹ́ràn àkàrà òyìnbó jù kò jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń fi ohùn Yorùbá pe kéèkì kò sọ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń pè é bẹ́ẹ̀.

Àwọn ẹlòmíràn náà ti yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Yorùbá. Àwọn baba ńlá wa tí a kó lẹ́rú gbé àkàrà dé Bahia ní Brazil, níbi tó ti di acarajé. Àlàyé tí a mọ̀ jù ni pé àkàrà àti jẹ ló so pọ̀: ọ̀rọ̀-ìṣe wọnú ọ̀rọ̀-orúkọ, gẹ́gẹ́ bí s ṣe wọnú Keks. Ní 2005, ìjọba Brazil forúkọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń tà á sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà orílẹ̀-èdè wọn. Oníbàárà tó bá fẹ́ ju ẹyọ kan lọ níbẹ̀, acarajés ló ń bèèrè, pẹ̀lú s ti èdè Potogí nídìí rẹ̀.