Orí Omi Ni Wọ́n Ń Sùn, Síbẹ̀ Òùngbẹ Ń Gbẹ Wọ́n

Ẹni tó bá ti ru kẹ́ẹ̀gì omi gun òkè Mápó nígbà ọyẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n ibì kan wà láyé tó jẹ́ pé orí omi gan-an làwọn èèyàn ń sùn, wàhálà ni wọ́n sì máa ṣe kí wọ́n tó rí i mu. Antarctica ni, ilẹ̀ yìnyín tó wà nísàlẹ̀ ayé pátápátá. Omi tí kò níyọ̀ tó wà láyé, ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tó dì síbẹ̀.

Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn. Aago méjìlá òru á lù, oòrùn á ṣì máa ràn. Aṣọ ni wọ́n fi ń bojú sùn. Àkókò yìí ni bàálù máa ń gbé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ pàgọ́ sáàárín yìnyín. Kí ni wọ́n ń wá? Afẹ́fẹ́ ayé àtijọ́ tó há sínú yìnyín ni. Ní Dome C, wọ́n gbẹ́ yìnyín tó ti lo 800,000 ọdún jáde.

Ṣé ẹ rò pé bí wọ́n bá ti jí, ó di gbígbẹ́ nìyẹn? Rárá o! Omi ló kọ́kọ́. Wọ́n á fi ṣọ́bìrì bu òjò dídì sínú ìkòkò, wọ́n á gbé e ka sítóófù. Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀: omi díẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nísàlẹ̀ ìkòkò. Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ nínú òjò dídì, ìkòkò sì lè jóná kó tó yọ́. Òjò dídì tó ti kì dáadáa pàápàá, bí ìkòkò mẹ́ta ló ń di ìkòkò omi kan.

Yìnyín sì máa ń jẹ iná gan-an. Iná tó máa yọ́ kílò kan yìnyín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tó máa gbé kílò omi kan láti ìwọ̀n òdo dé 80 lórí Celsius. Yìnyín tó tutù dé −30 tún ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ìjì bá dé tí bàálù ò lè wá, bí kẹrosíìnì bá tán, omi tán nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ ju ọyẹ́ tiwa lọ. Èémí lásán ń kó omi ara lọ.

Ewu míì tún wà. Bí òjò dídì bá dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú àgọ́, sítóófù á bẹ̀rẹ̀ sí í tú carbon monoxide sílẹ̀. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, ó sì ń pani. Lọ́dún 1934, Richard Byrd, ará Amẹ́ríkà, dá nìkan gbé inú ilé kan tí òjò dídì bò mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Èéfín sítóófù àti ẹ̀rọ tó ń fún un ní iná fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yẹ ihò àgọ́ wò kí wọ́n tó ṣáná. Lójoojúmọ́ náà ni wọ́n ń fi rédíò pe ibùdó ńlá ní àkókò tí wọ́n jọ fohùn sí. Bí wọn ò bá gbóhùn yín, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá yín.

Ohun kan náà ló ń pa àwọn tó gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n tilẹ̀kùn sùn nílùú tiwa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e jìnnà síta, kó má sì kọjú sí fèrèsé ẹnikẹ́ni.