Irun dídáì lówó pọ́ọ́kú ní Mówè, Ìbàfò àti Ìfọ̀: Ẹ bèèrè ọ̀gá kí ẹ tó gbé orí kalẹ̀ o!

Àwọn tó ń gbé Mówè àti Ìbàfò mọ ohun tójú wọn ń rí. Kílẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń lé mọ́tò lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, nígbà tí wọ́n bá sì fi máa bọ́ lọ́wọ́ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Kárà nírọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Àwọn ará Ìfọ̀ náà ń kó tiwọn jẹ lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Sátidé nìkan ló kù tí òṣìṣẹ́ fi lè ráyè jókòó sábẹ́ onídìrí, owó ọwọ́ náà sì rèé, kò tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ obìnrin, títí kan àwọn bàbá tí ewú ti gba irùngbọ̀n wọn, fi ń gbé orí fáwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ pé kí wọ́n bá àwọn dáì ẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Oníbàárà á wọlé, á bèèrè ọ̀gá, wọ́n á ní ọ̀gá ti lọ sípàdé ẹgbẹ́, tàbí pé ó lọ ra ọjà l'Ékòó. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ náà á kúnlẹ̀, á ní, “Ẹ jókòó, mà, àwa náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ ò ní san tó iye tẹ́ ẹ máa san fún Àǹtí wa.” Oníbàárà á wo aago, á wo pọ́ọ̀sì, ló bá jókòó.

Ká má parọ́, kò sóhun tó burú nínú kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ fọwọ́ kan irun èèyàn. Orí ọmọláńgidi tí wọ́n fi ń kọ́ ọ kì í ké yéè, ara ẹ̀ kì í sì í yún un. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń lo ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, tó jẹ́ pé omi ni wọ́n ń pọn, táwẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fọ̀, ọmọ ọ̀gá ni wọ́n ń pọ̀n. Wọ́n á mọ irun dì, wọ́n á mọ áṣìmẹ́ǹtì fi sí i, ṣùgbọ́n ọ̀ọ́kán ni wọ́n ti ń wo dáì, nítorí pé ọjà náà wọ́n, àwọn oníbàárà kì í sì í gbà. Ẹni tí kò gbà kí wọ́n fi orí òun kọ́ ọ níṣojú ọ̀gá, bóyá orí ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì máa padà fi kọ́ ọ lẹ́yìn fírídọ̀ọ̀mù, tí kò ní sọ́gàá nítòsí, tí yóò sì san owó pé.

Ohun tó wà nínú dáì yìí kì í ṣe ẹ̀rọ̀ o. Lọ́dún 1907 ni ọmọ Faransé kan, Eugène Schueller, ti ń fi kẹ́míkà po dáì irun, òun náà ló dá iléeṣẹ́ tó di L'Oréal sílẹ̀ lọ́dún 1909. Títí dòní, ọ̀pọ̀ dáì dúdú ló ní kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní PPD. Ẹni tí ara ẹ̀ ò bá gbà á, orí lè máa yún un, awọ orí lè bó, ojú lè wú títí tí kò fi ní ríran. Òun náà ni wọ́n máa ń lù mọ́ làálì dúdú, ẹni tí ìyẹn bá sì ti ṣe ní jàǹbá rí, kó yáa jìnnà sí dáì. Àwọn Ẹ̀gbá ti ń pa aró tipẹ́, Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta kún fún àdìrẹ, ṣùgbọ́n aṣọ ni wọ́n ń pa láró, aṣọ kì í sì í wú lójú.

Àyẹ̀wò tó yẹ kí wọ́n ṣe kò le rárá. Wọ́n á fi dáì díẹ̀ sẹ́yìn etí tàbí sí kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́, wọ́n á sì dúró fún wákàtí 48. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró? Oníbàárà á ní òde òun di ọ̀la, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ò sì lẹ́nu láti sọ pé rárá.

Àwọn tó fẹ́ kí irun wọn pupa tàbí kó dà bíi góòlù ló wà nínú ewu jù. Omi tí wọ́n fi ń po búlíìṣì ní nọ́ńbà lára ìgò: 20 túmọ̀ sí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún hydrogen peroxide, 40 jẹ́ ìlọ́po méjì ẹ̀, ìdá méjìlá. Ọmọ tí kò ka ara ìgò lè gbé 40 níbi tó yẹ kó gbé 20. Bó bá tún jẹ́ pé irun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba rìláàsà, gbogbo ẹ̀ lè já síni lọ́wọ́ bíi pákánleke, irun tó já kò sì ṣeé lẹ̀ padà.

Àwọn ọmọ náà ń jìyà tiwọn. Èyí tó ń po dáì láìwọ ìbọ̀wọ́, ọwọ́ ẹ̀ á máa yún, á máa sán, bó bá sì pẹ́, iṣẹ́ tó fọdún mẹ́ta kọ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Àwọn ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í kúrò lórí ọmọ. Wọ́n á ní kó ka ara ìgò sókè, wọ́n á fi Fasilíìnì pa etí oníbàárà, ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló máa wo aago. Ìjọba náà ní tiwọn: àjọ NDE tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1986 ń fi ọmọ sọ́dọ̀ ọ̀gá láti kọ́ṣẹ́, trade test sì wà fẹ́ni tó bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n oníbàárà wo ló ń bèèrè ìwé lọ́wọ́ onídìrí?

Lọ́jọ́ fírídọ̀ọ̀mù, ìrẹsì á délẹ̀, orin á máa dún, ọ̀gá á gbé sítífíkéètì lé ọmọ lọ́wọ́, á gbàdúrà pé ọwọ́ ẹ̀ á ròkè. Tó bá di Mọ́ńdè, ọmọ ti gbé tábìlì síwájú ilé bàbá ẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri pé àwọn ń dáì irun. Àǹtí kan tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ á dúró, á bọ́ gèlè, á ní góòlù lòun fẹ́.