Freetown: Èbúté Tí Ẹ̀kọ́ Wa Ti Ṣẹ̀

Nígbà tí Jóṣúà mú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì la Jọ́dánì kọjá, ó pàṣẹ pé kí wọ́n gbé òkúta méjìlá láti àárín odò náà, kí wọ́n sì tò wọ́n jọ, kí àwọn ọmọ tí a kò ì tí ì bí lè máa béèrè ohun tí òkúta náà dúró fún. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà fún àwa náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ilẹ̀ wa ni ó wà. Freetown ni ó wà, olú-ìlú Sierra Leone tí àwọn bàbá wa ń pè ní Sàró. Ní àkókò àjọ̀dún yìí, ó wù mí láti mú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí rìn yí ìlú náà ká, nítorí pé ẹni tí ó bá ń wá orísun ilé ẹ̀kọ́ ìjọ nílẹ̀ Yorùbá kò lè ṣàì dé ibẹ̀.

Pápákọ̀ òfuurufú ìlú náà wà ní Lungi, ní òdìkejì omi, nítorí náà ojú omi ni ọ̀pọ̀ àlejò ń gbà wọ ìlú. Èyí dára, nítorí pé láti orí omi ni a ti ń mọ ìdí tí ìlú náà fi wà níbi tí ó wà. Òkè gíga ni ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, òun ni Pedro de Sintra, atukọ̀ ará Potogí, rí ní 1462 tí ó fi sọ ilẹ̀ náà ní Òkè Kìnnìún. Níwájú òkè náà ni ẹnu odò ńlá kan ti pàdé òkun. Ibẹ̀ jìn, ó fẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èbúté àdáyébá tí ó tóbi jù lọ láyé.

Ire àti ibi ni èbúté yìí ti rí. Bí a bá wa ọkọ̀ ojú omi lọ sókè odò, a ó dé erékùṣù Bunce, níbi tí àwókù ilé olódi àwọn oníṣòwò ẹrú wà títí di òní. Láti ibẹ̀ ni a ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ sí Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù West Indies. Ṣùgbọ́n ní 1792, àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, tí wọ́n ti gba òmìnira, ti Nova Scotia padà wá, wọ́n sì tẹ Freetown dó. Nígbà tí òfin Gẹ̀ẹ́sì sì fòpin sí òwò ẹrú ní 1807, èbúté yìí kan náà ni àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi ń fa ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n bá mú wá.

Ibi tí ó yẹ kí àlejò kọ́kọ́ lọ ni àtẹ̀gùn òkúta tí ó wà ní èbúté àtijọ́. Àwọn ará ìlú ń pè é ní Àtẹ̀gùn Àwọn Potogí, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn Potogí ni ó kọ́ ọ. Ìgbà Gómìnà Charles MacCarthy ni a kọ́ ọ, ní 1818. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni ẹnu-ọ̀nà Àgbàlá Ọba, ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn Connaught. Inú àgbàlá náà ni a ń kó àwọn tí a gbà sílẹ̀ sí. A ń kọ orúkọ wọn, a ń kọ ilà ojú àti àpá ara wọn sínú ìwé ńlá, akọ̀wé tí kò gbọ́ èdè wọn sì ń kọ orúkọ bí etí rẹ̀ bá ti gbọ́ ọ. Ó lé ní 80,000 ènìyàn tí ó gba ìlú yìí wọlé bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ayé dẹ̀ fún. Àwọn kan ti ṣàìsàn dójú ikú kí wọ́n tó gúnlẹ̀, a fi àwọn kan ṣe ọmọṣẹ́ tipátipá, a sì mú àwọn mìíràn wọ iṣẹ́ ológun.

Nínú àwọn tí ó gúnlẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Òṣogùn, Àjàyí, tí a kó lẹ́rú ní 1821. Èkó ni a ti gbé e sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Myrmidon gba òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dé Freetown ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà. Òun ni ayé mọ̀ lẹ́yìnwá sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn wa níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí a rántí jù lọ. Nílé, Ẹ̀gbá ni wọ́n, Ọ̀yọ́ ni wọ́n, Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, Ìjẹ̀bú ni wọ́n. Ogun tí wọ́n ń bá ara wọn jà ni ó kó ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọmọ ìyá wọn ni ó sì tà wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀ àjèjì, wọ́n gbọ́ èdè ara wọn. Bí wọ́n bá pàdé, wọn a ní ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu. Láti inú ìkíni yìí ni àwọn ará ìlú ti sọ gbogbo wọn ní Akú. Èdè Krio tí wọ́n ń sọ ní Freetown lónìí ṣì ń pe àsè ìrántí òkú ní àwùjọ, ó sì ń pe ayẹyẹ ìsọmọlórúkọ ní kọ́mọjáde. Mo ra ọ̀lẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́ ìyá kan níbẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n orúkọ tí ìyá mi ń pè é ni òun náà pè é.

Ní àárín ìlú, kí àlejò wo kàtídírà St. George, tí a ṣí ní 1828, àti ìjọ kékeré St. John tí àwọn Maroon láti Jàmáíkà kọ́. A máa ń sọ pé àràbà kò wó mọ́, ojú ti ìrókò. Ṣùgbọ́n igi àràbà ńlá tí gbogbo ayé fi mọ Freetown wó nínú ìjì ní oṣù karùn-ún 2023.

Lẹ́yìn náà, kí ó lọ sí Cline Town, ní ìlà-oòrùn ìlú. Níbẹ̀ ni ilé àtijọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay wà. Ní 1827 ni CMS dá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sílẹ̀, Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Òkúta pupa ni a fi kọ́ ilé náà, ó sì parí ní 1848. Ìtàn ìjọ sọ pé òpó ọkọ̀ ẹrú tí a tú palẹ̀ ni a fi ṣe igi òrùlé rẹ̀. Iná jó o ní 1999 nígbà ogun abẹ́lé. Nígbà tí mo débẹ̀, ògiri ni ó dúró, kò sí òrùlé. Mo ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, mo sì mọ̀ pé ọmọ ọmọ ilé náà ni mí. Ó dùn mí.

Láti Freetown ni èdè wa ti di ohun kíkọ. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther kọ jáde ní 1843, ní oṣù kìíní 1844 ni ó sì ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá nínú ìlú náà. Láti 1839 ni àwọn Akú ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ padà sílé. Ní 1846 ni Crowther dé Abẹ́òkúta, ó sì rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Ní 1859, T. B. Macaulay, ọmọ Sàró tí ó kàwé ní Fourah Bay, dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó. Láti orí irú igi bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ka ti yọ títí tí ó fi kan ilé ẹ̀kọ́ tiwa.

Ẹ̀yin òbí, ẹ wá wò ó. Àwọn tí a gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú, tí wọn kò ní ilé, tí wọn kò ní ohun ìní, ni ó kọ èdè wa sílẹ̀ fún wa. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kò lè ka ojú ìwé kan nínú rẹ̀, àwa òbí sì ń fi èyí yangàn. Ohun tí a gbà ní ọwọ́ wọn kò yẹ kí ó bọ́ ní ọwọ́ wa.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin ni ó dára jù, nítorí pé òjò Freetown kì í ṣe kékeré ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà. Ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ni kí ó mú dání. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó mú ọmọ rẹ̀ lọ. Kí wọ́n jọ dúró lórí àtẹ̀gùn òkúta náà, kí ọmọ náà lè béèrè, kí òbí sì ní ohun tí yóò fi dáhùn.