Ìnàjú, Eré àti Ìtọ́jú: Wíwá Orúkọ fún Iṣẹ́ Kan Láàrin Àwọn Arúgbó

Iṣẹ́ ìlera kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó ní orúkọ méjì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn tí ó ń ṣe é sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jiyàn lórí èyí tí ó yẹ kí ó jẹ́. Àwọn kan ń pè é ní 'therapeutic recreation'. Àwọn mìíràn ní 'recreational therapy' ni ó tọ̀nà. Ẹni tí ó bá kọ́ iṣẹ́ náà a máa lo orin, ijó, ayò, iṣẹ́ ọwọ́, ọgbà dídá, ìtàn sísọ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn àti arúgbó, kì í ṣe kí ilẹ̀ ṣáà lè ṣú, bí kò ṣe kí agbára kan tí àìsàn tàbí ọjọ́ ogbó ti gbà lọ́wọ́ ẹni náà lè padà, tàbí kí èyí tí ó ṣẹ́ kù má baà bọ́. Ní èdè Yorùbá, orúkọ iṣẹ́ yìí kò tí ì fìdí múlẹ̀. Bí a bá sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ orúkọ náà, ohun tí ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò máa rò ni pé àwọn kan wà tí a ń san owó fún láti máa bá arúgbó ṣeré. Ta ni yóò wá gbà pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí yunifásítì?

Àríyànjiyàn àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ni ẹgbẹ́ Red Cross ti Amẹ́ríkà ti ń fi òṣìṣẹ́ ìnàjú sí ilé ìwòsàn àwọn ológun. Ní 1949, àwọn tí ó gbà pé ìnàjú jẹ́ ẹ̀tọ́ aláìsàn bí ó ti jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn dá ẹ̀ka ti ilé ìwòsàn sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ American Recreation Society. Ní 1953, àwọn tí ó gbà pé irinṣẹ́ ìtọ́jú ni ìnàjú jẹ́ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì pe ara wọn ní National Association of Recreational Therapists. Igun méjèèjì para pọ̀ ní 1966 lábẹ́ orúkọ National Therapeutic Recreation Society, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ní 1984 ni àwọn tí ó fẹ́ kí a ka iṣẹ́ wọn mọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú gan-an tún yà lọ dá American Therapeutic Recreation Association sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ti 1966 sì kógbá wọlé ní 2010.

Ìjà orí orúkọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, gírámà ni ó wà ní ìdí rẹ̀. Nínú àpólà orúkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yán ni ó ń ṣíwájú, orúkọ tí a ń yán ni ó ń tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ìnàjú ni orí 'therapeutic recreation', ìtọ́jú kàn yán an ni. Ìtọ́jú sì ni orí 'recreational therapy', ìnàjú ni ó yán an. Elédè Gẹ̀ẹ́sì lè máa fi ọ̀kan rọ́pò èkejì láìbìkítà. Ní Yorùbá, ohun tí a bá kọ́kọ́ pè ni ohun tí olùgbọ́ yóò gbà pé a ń sọ, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu ibi tí òun dúró sí.

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni eré. Ọ̀rọ̀ yìí gbòòrò púpọ̀: a ń sá eré, a ń ṣe eré orí ìtàgé, a ń bá ènìyàn ṣeré, a sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún ohun tí a ń wá. Bí a bá tún fi í sínú gbólóhùn tí ó ní ọ̀rọ̀ ìṣe fi, nǹkan burú sí i, nítorí pé ẹni tí a bá fi ṣeré ni ẹni tí a kò kà sí. Kò sí arúgbó Yorùbá kan tí yóò gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi eré tọ́jú òun tí kò ní bojú wo ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìdárayá sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ara ni ó mọ sí; bí ọ̀rọ̀ náà ti hun fi hàn bẹ́ẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ sì ti gbà á fún eré sísá, bọ́ọ̀lù àti irú wọn. Arúgbó tí ó wà lórí ibùsùn tí ó ń gbọ́ orin ìgbà èwe rẹ̀, tí ó sì ń dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ jó o, kò ṣe ìdárayá kankan, bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú ìtọ́jú. Ìgbafẹ́ ní òórùn afẹ́ ayé lára. Fàájì ti di ti ilé àríyá. Èyí tí ó kù ni ìnàjú, láti ara nà àti ojú. Ẹni tí ó lọ nàjú ni ẹni tí ó kúrò nídìí wàhálà rẹ̀ láti lọ wo ohun mìíràn kí ọkàn rẹ̀ lè fúyẹ́. Kò sí ẹ̀gàn nínú rẹ̀, kò sì sí iye ọjọ́ orí tí kò bá mu. Àgbà a máa nàjú.

Ní ti 'therapy', ìwòsàn ni ọ̀pọ̀ atúmọ̀ èdè máa ń mú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Wò àti sàn ni ọ̀rọ̀ ìṣe méjì tí ó wà nínú rẹ̀, tí àbọ̀ máa ń là láàrin: dókítà wo ọmọ náà sàn. Sàn ni àbájáde. Bí kò bá sàn, kò tí ì sí ìwòsàn. Àwọn àìsàn kan sì wà lára arúgbó, bí irú àrùn iyè-ríra tí wọ́n ń pè ní Alzheimer, tí ìmọ̀ ìṣègùn kò tí ì rí ohun tí ó lè wò wọ́n sàn. Ẹni tí ó bá pe ara rẹ̀ ní aṣèwòsàn níwájú ẹbí irú arúgbó bẹ́ẹ̀ ti ṣe ìlérí tí apá rẹ̀ kò ká. Ìtọ́jú kò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. A lè tọ́jú ẹni tí yóò sàn, a sì lè tọ́jú ẹni tí kò ní sàn, kí ìyókù ọjọ́ rẹ̀ lè tù ú lára.

Nítorí náà, orúkọ tí ó dára jù fún iṣẹ́ yìí ni ìtọ́jú onínàjú. Fún ẹni tí ó ń ṣe é, èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti pèsè ọ̀nà: láti inú fi ìnàjú ṣe ìtọ́jú, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- yóò fún wa ní afìnàjúṣètọ́jú. Ọ̀rọ̀ náà gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n fi inú rẹ̀ ń sọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kò lè sọ, pé ìnàjú ni irinṣẹ́, ìtọ́jú sì ni iṣẹ́. Bí ó bá gùn jù lẹ́nu, olùtọ́jú onínàjú kò burú.

Àwọn tí a ń tọ́jú náà ń fẹ́ orúkọ. Àgbàlagbà ni ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ó lè túmọ̀ sí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ọmọdé mọ́. 'Ẹ̀kọ́ àgbà' tí ìjọba ń ṣe kì í ṣe fún arúgbó nìkan. Nínú ìwé, arúgbó ni ó ṣe pàtó, kò sì sí èébú nínú rẹ̀. Lójúkojú, Bàbá àti Màmá ti tó. Ní Ìbàdàn, nígbà tí ilé ìwòsàn UCH ṣí ibùdó tirẹ̀ fún àwọn arúgbó ní 2012, ìtọ́jú arúgbó ni ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu jù. Ohun tí a gbọ́dọ̀ yẹra fún ni ṣarán. Òótọ́ ni pé Yorùbá ti ń lò ó láti ìgbà pípẹ́ fún arúgbó tí iyè rẹ̀ kò já gaara mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni a máa ń fi sọ ọ́. Iyè-ríra, láti inú 'iyè rẹ̀ ra', sọ ohun kan náà láìfi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà.

Kí ni ẹni tí yóò jẹ́ afìnàjúṣètọ́jú ń kọ́? Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1981, National Council for Therapeutic Recreation Certification, ni ó ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gba oyè yunifásítì, kí ó sì ti kọ́ nípa ẹ̀yà ara àti bí ó ti ń ṣiṣẹ́, nípa àìsàn ọpọlọ, àti nípa bí ènìyàn ti ń dàgbà láti ọmọ ọwọ́ títí di arúgbó, yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà gan-an. Lẹ́yìn èyí ni yóò kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ẹni tí ó ti ní ìwé ẹ̀rí fún wákàtí 560, tí kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀sẹ̀ 14, kí ó tó jókòó ṣe ìdánwò. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń tún ìwé ẹ̀rí náà ṣe. Àwọn ìpínlẹ̀ díẹ̀, bí Utah àti North Carolina, tún ń béèrè ìwé àṣẹ ìjọba.

Ìgbésẹ̀ iṣẹ́ náà jẹ́ mẹ́rin: ìyẹ̀wò, ìṣètò, ìmúṣe àti ìgbéléwọ̀n, àkọsílẹ̀ sì ń bá gbogbo wọn rìn. Scout Lee Gunn àti Carol Ann Peterson, nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1978, pín iṣẹ́ náà sí apá mẹ́ta. Ìtọ́jú ni ìkíní, níbi tí olùtọ́jú ti ń darí. Èkejì ni ẹ̀kọ́ nípa lílo ìgbà ọwọ́-dilẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìkópa nínú ìnàjú, níbi tí ẹni tí a ń tọ́jú ti ń yan ohun tí ó wù ú fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú wọn tí ó yẹ kí a dúró lé lórí, èyí tí a lè pè ní ìtúpalẹ̀ ìnàjú. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú ìnàjú kan, yóò sì tú u wò láti mọ ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ ara, lọ́wọ́ iyè àti lọ́wọ́ ìwà. Ẹ jẹ́ kí a mú ayò ọlọ́pọ́n. Ihò 12 ni ó wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò 4 sì wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn jẹ́ 48. Ẹni tí ó ń ta á gbọ́dọ̀ lè jókòó ṣinṣin. Ó gbọ́dọ̀ lè kó ọmọ ayò sọ́wọ́, kí ó sì máa jọ̀wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò rọrùn fún ọwọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú. Ó gbọ́dọ̀ lè ka iye, kí ó rántí iye tí ó wà nínú ihò tí kò sí níwájú rẹ̀, kí ó sì ro ohun tí ẹnìkejì yóò ta. Ó gbọ́dọ̀ lè dúró de àsìkò tirẹ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ lè fara da ẹ̀fẹ̀, nítorí pé ọ̀ta kì í dákẹ́ fún ọ̀pẹ. Lẹ́yìn tí a bá ti tú u báyìí ni a tó mọ ohun tí a lè yí padà: a lè gbé ọpọ́n sórí tábìlì fún ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́, a lè wá ọmọ ayò tí ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a sì lè fi ihò díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí iyè rẹ̀ ń ra.

Ète tí a óò wá kọ sílẹ̀ kì í ṣe pé inú Bàbá yóò dùn. Ohun tí a óò kọ ni irú èyí: láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, Bàbá yóò jókòó nídìí ọpọ́n fún 20 ìṣẹ́jú, yóò sì fi ọwọ́ ọ̀tún jọ̀wọ́ ọmọ ayò 4 sínú ihò 4 láìjẹ́ pé a dì í lọ́wọ́ mú. Èyí ṣe é wọ̀n, a sì lè sọ bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é. Ẹ sì wò ó pé bí ọwọ́ ọ̀tún bá kọ̀ jálẹ̀, tí òṣìṣẹ́ tí kò mọ àṣà sì ní kí Bàbá fi ọwọ́ òsì na ọmọ ayò sí ẹni tí ó kọjú sí i, ó ṣeé ṣe kí Bàbá kọ̀, nítorí pé ọwọ́ òsì kì í ṣe ọwọ́ tí a fi ń na nǹkan sí ènìyàn. Òṣìṣẹ́ náà yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò fẹ́ kópa.

Orúkọ mìíràn wà tí a kò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ èyí. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí ó tún ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú arúgbó ṣe ní 1987, àti ìlànà tí ó tẹ̀ lé e, sọ ọ́ di dandan pé kí ilé tí ó bá ń gba owó Medicare tàbí Medicaid ní ètò ìnàjú, kí ẹni tí ó tóótun sì máa darí rẹ̀. Afìnàjúṣètọ́jú tóótun, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti lo ọdún méjì nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ láàrin ọdún márùn-ún tóótun pẹ̀lú, kìkì pé ọ̀kan nínú ọdún méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ àṣekára nínú ètò tí a fi ń tọ́jú ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó gba ẹ̀kọ́ tí ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí. Olùdarí ètò ìnàjú ni ó yẹ kí a máa pe ipò yìí, ẹnikẹ́ni tí ì báà wà níbẹ̀. Olùdarí lè jẹ́ afìnàjúṣètọ́jú, ó sì lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá nítorí pé àwọn òbí tí ó tẹ̀ lé ọmọ wọn lọ sí Houston tàbí London ń darúgbó níbẹ̀. A sì ti ṣàkíyèsí pé bí iyè arúgbó elédè méjì bá ń ra, èdè tí ó kọ́ kẹ́yìn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, a ó sì ku èdè abínibí. Ní ìgbà náà, ìyẹ̀wò tí a ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì kò mú nǹkan jáde, ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ni yóò sì máa túmọ̀. Ìbéèrè kan tí kì í sábà yẹ̀ lórí ìwé ìyẹ̀wò ni ti ohun tí arúgbó náà fẹ́ràn láti máa ṣe. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí 'Bàbá, eré wo ni ẹ fẹ́ràn?' kò ní pẹ́ gbọ́ pé òun kì í ṣe ọmọdé. Ẹni tí ó bá bi í pé 'Bàbá, bí iṣẹ́ bá tán, tí ọwọ́ dilẹ̀, kí ni ẹ máa ń fi nàjú?' yóò ní láti jókòó, nítorí pé ìdáhùn náà lè gùn.