Ṣíṣe Ìpara Ewé Dóńgóyárò àti Dídán an Wò: Àkíyèsí fún Àwọn Olùkọ́ni ní Khaddamari

Ìfáárà

Igi dóńgóyárò kì í ṣe igi ìbílẹ̀ wa. Láti Gánà ni wọ́n ti mú irúgbìn rẹ̀ wá sí Borno ní ọdún 1928. Lónìí, òun ni ibòòji ọ̀pọ̀ ojúde ní Maiduguri àti ní Khaddamari, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Jere. Nígbà ọyẹ́, tí awọ ara ń gbẹ tí ẹsẹ̀ sì ń là, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi ewé rẹ̀ ṣe ìpara tà fún aládùúgbò. A kò lòdì sí i. Ohun tí a ń tẹnu mọ́ ni pé ìpara tí a kò dán wò kò yẹ lára ẹnikẹ́ni.

Bí a ṣe ń ṣe é

A ó sá ewé sí ibòòji títí yóò fi gbẹ, a ó lọ̀ ọ́, a ó sì rẹ ẹ́ sínú ethanol fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn tí a bá ti sẹ́ ẹ, a ó gbé e lé orí omi gbígbóná, jìnnà sí iná, kí ethanol lè gbẹ kúrò nínú oje náà.

Fún 100 gíráàmù ìpara, a lè lo omi mímọ́ 70, òrí àti òróró 18, èròjà tí ń so omi pọ̀ mọ́ epo 6, glycerine 4, oje ewé 1, àti phenoxyethanol 1 tí ń dènà èébu. A ó mú omi àti epo gbóná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ dé 70°C, a ó dà wọ́n pọ̀, a ó sì máa rò ó títí yóò fi tutù sísàlẹ̀ 40°C kí oje ewé àti phenoxyethanol tó wọ inú rẹ̀.

Ní ìgbà kan tí a yọ adènà-èébu sílẹ̀, èébu ti bo ojú ìpara náà kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé. Kíkorò ewé nìkan kò tó: ibi tí omi bá wà, kòkòrò àìfojúrí ráyè.

Bí a ṣe ń dán an wò

Àkọ́kọ́, kí pH rẹ̀ wà láàárín 4.5 sí 6, kí ó lè bá awọ ara mu. Èkejì, kí a tọ́jú rẹ̀ sínú ooru fún oṣù mẹ́ta, kí a máa wò ó bóyá omi ń ya kúrò lára epo. Níbòmíràn, 40°C tó fún ìdánwò líle. Ní Maiduguri, ooru ọjà nínú oṣù Ẹrin ni. Nítorí náà, kí tiwa dé 45°C. Ẹ̀kẹta, kí a ka iye kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí a fi díẹ̀ sí apá ẹni tó gbà tinútinú, kí a wò ó fún wákàtí 48.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a ṣe ìpara kejì tí kò ní oje ewé nínú. Láìsí èyí, a kò lè mọ̀ bóyá ewé ló ṣiṣẹ́ tàbí òrí.

Ìkádìí

Ẹ jẹ́ kí á yé fi òórùn dídùn àti ìgò tó rẹwà nìkan fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì. Ìwé àkọsílẹ̀ ìdánwò rẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ bèèrè. Ẹni tó bá sì fẹ́ tà á, kí ó kọ́kọ́ gba nọ́ńbà NAFDAC.